Irin ààbò àti ilẹ̀kùn ààbọ̀ lára jíìpù: ta ló ti dè é rí?

Onímọ́tò Tuntun: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Jíìpù Wrangler JK àlòkù ni mo rà. Irin ààbò ẹ̀gbẹ́ àti ti igun ẹ̀yìn, èyí tí a ń dè bo ara ọkọ̀, ti dé, ilẹ̀kùn ààbọ̀ méjì, èyí tí kò ga dé òkè, náà ti wà nílẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi dè wọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ká sòótọ́, ẹ̀rù ń bà mí láti lu ọkọ̀ yìí níhò.

Wẹ́dà Àgbà: Àbúrò, o kú oríire ọkọ̀. Ẹ̀rù yẹn dáa, má lé e lọ. Kí o tó mú díríìlì rárá, gbé irin sára ọkọ̀, fi kílámpù dì í mú, kí o wá ti ilẹ̀kùn tuntun yẹn. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ méjì ni. Iṣẹ́ kan ni o. Irin ẹ̀gbẹ́ tó bá ká wọ ẹnu ọ̀nà á gbé ibẹ̀ sókè ní nǹkan bíi mílímítà 3, ibẹ̀ gan-an sì ni rọ́bà ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ń jókòó lé. Èmi de tèmi gírígírí tán kí n tó ti ilẹ̀kùn. Kò pa dé. Odidi ọ̀sán ni mo fi tú u.

Bébà ni kí o fi wò ó. Fi í sáàárín rọ́bà àti irin, ti ilẹ̀kùn, kí o fà á. Tó bá ń yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, omi á wọlé. Tó bá ya, ó ti fún jù. Kó lọ́ra díẹ̀ kó tó jáde ni a ń fẹ́.

Ó tún ku ihò. Tú orí bátìrì. Ṣí kápẹ́ẹ̀tì inú, kí o wo ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí o fẹ́ lu, torí wáyà iná ẹ̀yìn àti ọ̀fun táńkì epo ò jìnnà síbẹ̀. We tépù mọ́ ẹnu díríìlì kó má baà wọlé jù. Fi kékeré bẹ̀rẹ̀, kí o máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Rivnut M8, ìyẹn nọ́ọ̀tì tí a ń tẹ̀ sínú ihò páànù kí bóòtì lè rí ibi dì mú, sábà máa ń fẹ́ ihò mílímítà 11, ṣùgbọ́n ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀. Ra ẹnu ihò kó jọ̀lọ̀, fi ọ̀dà tó ní síǹkì kùn ún, jẹ́ kó gbẹ. Má kánjú níbẹ̀ yẹn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi sọ ti gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí etí irin fún un, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan ni mo fi dí tèmi. Ìgbà tí mo ṣí i wò, ìpẹtà ti jẹ abẹ́ rẹ̀.

Wẹ́dà Àgbà: Ásíìdì ló ń tú jáde bó ṣe ń gan, òun lẹ ń gbóòórùn yẹn. Irú èyí tí àwọn páánẹ́lì bítà fi ń dí ojú irin ni kó rà. Tó bá sì jẹ́ àlùmíníọ́mù ni irin ààbò náà, kó má fara kan ara ọkọ̀ ní tààrà. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù lókè òkun torí yìnyín á sọ àwọn méjèèjì di bátìrì, àlùmíníọ́mù ló sì máa jẹ. Tépù rọ́bà lẹ́yìn, wọ́ṣà náílọ́ọ̀nù lábẹ́ bóòtì. Dí òkè, má dí ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ á ráyè wọ ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti wù kó rí, jẹ́ kí omi rí ibi gbà jáde.

Bàbá Ìbejì: Èyí tó bá fẹ́ fi jáàkì gbé ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣáàsì ni kó de irin yẹn mọ́. Páànù ẹ̀gbẹ́ lásán á ká bíi bébà.

Onímọ́tò Tuntun: Ẹ ṣeun gan-an. Ti ilẹ̀kùn ńkọ́?

Wẹ́dà Àgbà: Ìyẹn ò le. Yọ wáyà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tú okùn tó ń dá ilẹ̀kùn dúró, tú nọ́ọ̀tì onísípánà 13 abẹ́ híńjì méjèèjì, kí ẹ̀yin méjì gbé e sókè tààrà. Má tú bóòtì T50 (olójú bí ìràwọ̀) tó de híńjì mọ́ ara ọkọ̀ láìnídìí, àwọn ló mú ilẹ̀kùn dúró sáàyè ẹ̀. Díngí á bá ilẹ̀kùn àtijọ́ lọ o, ra òmíràn. Pe àwọn adójútòfò rẹ náà.

Onímọ́tò Tuntun: Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé e sára ọkọ̀. Lọ́wọ́ ọ̀tún, bébà lọ́ra díẹ̀. Lọ́wọ́ òsì, ó ya nísàlẹ̀. Ṣé kí n sún híńjì?

Wẹ́dà Àgbà: Rárá o! Yọ irin ààbò ẹ̀gbẹ́ yẹn, ti ilẹ̀kùn, kí o tún fi bébà wò ó. Tó bá ṣì ya, ọ̀rọ̀ híńjì ni. Tó bá jáde, etí irin ló ga. Fáìlì tí a fi ń ra irin ni kí o mú, kì í ṣe sípánà.

Onímọ́tò Tuntun: Ó jáde. Mo ń wá fáìlì.