Agbo erékùṣù, iyùn àti ahoro: èsì mi lórí ọ̀rọ̀ Aldabra

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìròyìn àwọn tó fi ọkọ̀ ìgbòkun lọ sí Aldabra, lábẹ́ orílẹ̀-èdè Seychelles nínú Òkun Íńdíà, sí Yorùbá béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni kí òun pe atoll (àwọn erékùṣù tó yí omi ká láàárín òkun), coral (ẹ̀dá inú òkun tó ń mọ irú erékùṣù bẹ́ẹ̀), yacht (ọkọ̀ ojú omi tí èèyàn fi ń rìnrìn àjò fúnra rẹ̀), àti irú ibi tí òfin ti dáàbò bo ẹranko àti ewéko. Ẹ ti dá a lóhùn lóríṣiríṣi. Tèmi rè é.

Ẹ̀gbọ́n kan dábàá "erékùṣù òrùka" fún atoll. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, òrùka kì í ní àlàfo. Aldabra kì í ṣe erékùṣù kan ṣoṣo. Mẹ́rin tó tóbi ló yí omi ká níbẹ̀: Picard, Polymnie, Malabar àti Grande Terre. Ẹnu ọ̀nà wà láàárín wọn tí òkun ń gbà wọlé nígbà tó bá kún, tó sì ń gbà jáde nígbà tó bá fà. Omi ibẹ̀ máa ń fi agbára tú jáde, ìdí nìyẹn tí ọlọ́kọ̀ tó mọṣẹ́ fi ń wo àkókò kó tó sún mọ́ ọn. Tí a bá ní àwọn èèyàn pagbo, gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n pọ̀, pé àyè wà láàárín ẹnì kan sí èkejì, pé nǹkan sì ń ṣẹlẹ̀ ní àárín agbo. Agbo erékùṣù ni mo fara mọ́.

Ẹnì kan ti ní níbi tí wọn kì í ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀, wọ́n á kà á sí àgbo, wọ́n á máa béèrè irú àìsàn tó ń wò. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yòókù, agbo tiwa kò ní àmì kankan lórí. Àwọn tó ní ká kàn kọ "átọ́ọ̀lù" kò jẹ̀bi, torí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ yá a lọ́wọ́ àwọn ará Maldives ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Maldives ń gbé inú ohun tí wọ́n ń dárúkọ. Àwa kò gbé inú irú rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ tó júwe ara rẹ̀ ló máa ran òǹkàwé wa lọ́wọ́.

Omi àárín agbo náà, ọ̀sà ni. Ẹni tó ní ọ̀sà gbọ́dọ̀ ní odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀ ń fi ti Èkó nìkan wò ó. Ilẹ̀ tó là á sọ́tọ̀ kúrò lára òkun ló sọ ọ́ di ọ̀sà.

Ibi tí ìjà wà gan-an ni iyùn. Iyùn pupa tí ọba àti ìyàwó ń so mọ́ ọrùn, ara ẹ̀dá inú omi ni lóòótọ́. Òkun Mẹditaréníà ni a mọ̀ ọ́n mọ́ jù, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó kó o wá sí etíkun wa. Ìbátan ni òun àti èyí tó mọ Aldabra, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Iyùn pupa fẹ́ràn ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, inú ihò àpáta àti ibú, kì í mọ erékùṣù. Èkejì ń fẹ́ oòrùn, torí ewé omi tíntìntín kan ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Ó ń yọ ẹfun nínú omi òkun, ó ń fi í mọlé, èyí tó kú á di ìpìlẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀. Àlàyé tí Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1842 lórí bí agbo erékùṣù ṣe ń wáyé ni pé òkè ayọnáyèéfín yọ lójú òkun, iyùn mọ ògiri yí i ká. Òkè ń rì díẹ̀díẹ̀, iyùn ń mọ lọ sókè, títí òkè fi pòórá tó ku ògiri. Ti Aldabra tún yọ sókè ju omi lọ, ibòmíràn ga tó nǹkan bíi mítà 8.

Tí a bá wá kọ "erékùṣù iyùn" lásán, ìlẹ̀kẹ̀ ni òǹkàwé máa rí. Màmá kan tí mo kà á fún bi mí pé èló ni wọ́n ń ta okùn kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi iyùn sílẹ̀ fún ọrùn, ká pe èkejì ní iyùn amọlé, ká sì pe ohun tó mọ ní àpáta iyùn.

Yacht kò tó ìjà. "Ọkọ̀ fàájì" yẹ ti olówó tó so ọkọ̀ mọ́ etí omi ní Ìkòyí. Ẹni tó fi ọkọ̀ ìgbòkun kékeré rin ohun tó lé ní 1,000 kìlómítà láti Mahé, erékùṣù tó tóbi jù ní Seychelles, fàájì wo ló ṣe? Ọkọ̀ ìgbòkun náà ni kí ẹ pè é.

Mo tún rí "erékùṣù ahoro". Ahoro ni ibi tí èèyàn gbé rí tí wọ́n fi sílẹ̀. Abúlé òṣìṣẹ́ wà ní Picard nígbà kan, ibẹ̀ náà ni àwọn olùwádìí ń gbé báyìí, nítorí náà kò tilẹ̀ ṣe ahoro. Ìyókù, ìjàpá ńlá ló ni ín, nǹkan bíi 100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹyẹ kan tí kì í fò. Ẹ kọ àwọn ìyókù yẹn pé "tí èèyàn kì í gbé", ó tó.

Bàbá wa kan ní "igbó ọba" tó fún ibi tí òfin dáàbò bò. Mo gba tiwọn rò, torí ó gbé àṣẹ dání. Ṣùgbọ́n igbó ọba tí a mọ̀, igi gẹdú ni ìjọba ń ṣọ́ kí òun fúnra rẹ̀ lè gé e lọ́la. Aldabra kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1874, Darwin àti àwọn mìíràn kọ̀wé sí gómìnà Mauritius, tó ń ṣàkóso Seychelles nígbà náà, pé kó gba ìjàpá ibẹ̀ là. Ní nǹkan bí 90 ọdún lẹ́yìn náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kọ́ pápá bàálù ológun síbẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ta kò ó, wọ́n sì pa á tì ní 1967. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 1982. Ẹni tó bá ń lọ lónìí gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Seychelles Islands Foundation, àjọ tó ń bójú tó Aldabra, òṣìṣẹ́ wọn á máa mú un kiri, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò sùn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní "ibi àìfọwọ́kàn". Tí bàbá bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú jù bẹ́ẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

Èyí tó kù ni akàn ràgàjì ibẹ̀ tó ń gun igi àgbọn. "Akàn àgbọn" ni mo fi dípò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ àti Bàdágírì, ẹ bá wa béèrè orúkọ tí àwọn àgbà apẹja ń pe akàn tó ń gbé orí ilẹ̀.