Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, kí ni kí n sọ nípa SNAP, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn tówó wọn ò tó?
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Detroit ni mò ń gbé, káàdì EBT tí wọ́n ń san owó SNAP sí ni mo fi ń ra oúnjẹ àwọn ọmọ, wọ́n wá ní kí n wá sọ tẹnu mi nípàdé àdúgbò, bí SNAP ṣe lè jẹ́ ká jẹ oúnjẹ tó ṣara lóore tí ò sì ní ba ilẹ̀ àtomi jẹ́. Ètò Double Up Food Bucks tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbí lọ́dún 2009 dáa gan-an, tó o bá fi SNAP ra ẹ̀fọ́ wọ́n á tún fún ẹ lówó ẹ̀fọ́ sí i. Wọ́n tiẹ̀ gbà ká fi SNAP ra irúgbìn, èmi ti gbin ata sẹ́yìnkùlé (kò séwúrẹ́ tó máa jẹ ẹ́ níbí 😂). Ṣé kí n ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ ká fi ra sódà mọ́ ni, àbí kí wọ́n kàn fowó kún tẹ̀wà àtẹ̀fọ́? Kí lẹ rí sí i?