Báwo ni ká ṣe bá ẹni tó ṣubú wí nínú ìjọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mátíù 18:15-17 ní kí n kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin tó ṣẹ̀ mí, èmi àti òun nìkan, kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú ìjọ. Ṣùgbọ́n nínú 1 Kọ́ríńtì 5, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n yọ ẹni tó ń bá aya bàbá rẹ̀ gbé kúrò láàárín wọn. Ṣé torí pé ẹ̀ṣẹ̀ náà ti hàn sí gbogbo èèyàn ni?

Gálátíà 6:1 ló ká mi lára jù: ẹ̀mí ìwà tútù ló ní ká fi mú un bọ̀ sípò. Mo ti rí ẹni tí wọ́n lé, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ti bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti gbà á padà?