Ọmọ mi ò lè kàwé, owó ilé ìwé ò sì dúró lójú kan. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fárúùkù:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Lánàá a lọ síbi ìsọmọlórúkọ nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n pín ìwé ètò, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá ní kí ọmọ mi dìde kó ka ojú ewé àkọ́kọ́ fún àlejò. Ọmọ dúró bí ère. "Wel... wel..." ló ń wí. Obìnrin yìí bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbogbo owó tí ẹ ń san yẹn dà?" Ọmọ tiẹ̀ tó kéré sí tèmi ló gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tó kà á. Ìrẹsì tí wọ́n gbé síwájú mi, mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Obìnrin tí ò tíì san owó aṣọ tí mo rán fún un láti ọdún Iléyá o!

Ilé ìwé aládàáni ló ń lọ. Gbogbo sáà ni wọ́n ń fi owó lé owó. Ọ̀dọ̀ wọn la gbọ́dọ̀ ti ra ìwé, ọ̀dọ̀ wọn la gbọ́dọ̀ ti rán yunifọ́ọ̀mù, èmi tí mo jẹ́ télọ̀! Tíṣà rẹ̀ ò mọ̀ ju "ó ń gbìyànjú" lọ. Tíṣà lẹ́sìn tó ń wá sílé, fóònù ló ń tẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ni, àbí kí n lọ bá ọ̀gá wọn jà?

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnira. Ọmọ ọdún mélòó ni? Kíláàsì wo ló wà? Ẹ sọ ti owó aṣọ, ẹ ò sọ ti ọjọ́ orí ọmọ.

Bàbá Ìlá:
Fóònù ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó sì rí i. Àwọn ìyá òde òní ò ráyè ọmọ mọ́.

Ìyá Fárúùkù:
Kò ní fóònù, sà. Tèmi gan-an, kì í fọwọ́ kàn án.

Màmá Ìbejì:
Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n na àbúrò mi títí, wọ́n ní olódo ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì í ló ti ń da ìwé kọ, kò rí bọ́ọ̀dù rárá. Ìgbà tó dé JSS 1 la tó ra awò fún un. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ déètì sí igun bọ́ọ̀dù lójoojúmọ́. Màmá wa sunkún.

Bàbá Ìlá:
Ìyẹn ò kan tibí. Ìyá ni olùkọ́ àkọ́kọ́.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun:
Bàbá ńkọ́, sà? Bàbá ò lójú láti fi kàwé ni?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ jẹ́ ká simi ariwo. Ìyá Fárúùkù, ẹ mú ìwé kíkà rẹ̀ tó ní àwòrán. Ẹ ní kó ka ojú ewé kan fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, kó tún un kà. Ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí.

Ìyá Fárúùkù:
Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ̀rù bà mí o. Ojú ewé tí wọ́n ti so ewúrẹ́ mọ́ ìdí igi ni mo ṣí. Ó kà á fààà, kò já. Mo fi ọwọ́ bo ewúrẹ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ọjà, ti ojú ewé tó ṣáájú, kò tiẹ̀ kọsẹ̀! Mo ní, "Níbo ni wọ́n ti kọ ọjà síbí?" Ó ń wo ẹnu mi.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Kò ka nǹkan kan. Ó gbọ́ ọ ní kíláàsì, ó fi sórí, àwòrán ló ń rán an létí.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní London:
Níbí, bí ọmọ bá wà ní Year 1, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹfà ọdún. Láti 2012 ni. Ogójì ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa fún un, ogún nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn to lẹ́tà jọ ni, wọ́n á ya àwòrán ẹ̀dá abàmì kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ téèyàn ò gbọ́ rí, kò sí bó ṣe lè há a sórí. Tèmi fìdí rẹmi lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n tún un ṣe ní Year 2. Ẹ kọ "fim" tàbí "dop" fún Fárúùkù.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun:
Mo tún béèrè: ọmọ ọdún mélòó, kíláàsì wo?

Ìyá Fárúùkù:
Ọdún méje ààbọ̀. Pírámárì 4.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun:
Ọdún méje ààbọ̀, Pírámárì 4? Báwo?

Ìyá Fárúùkù:
Wọ́n fún un ní dọ́bù púrómóṣọ̀n, láti Nọ́sìrì 2 bọ́ sí Pírámárì 2. Ọpọlọ rẹ̀ pé, kò sí ewì tí kò mọ̀ lórí. Àwọn ni wọ́n fò ó, èmi kọ́ ni mo bẹ̀ wọ́n. Kò sì sẹ́ni tó máa dá a padà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Pírámárì 1 ni wọ́n ti ń so ìró pọ̀ mọ́ ìró. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fò. Ṣé ó lè ka Yorùbá?

Ìyá Fárúùkù:
A kì í bá a sọ Yorùbá nílé. Ilé ìwé ló sọ fún wa bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ní 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà Pírámárì, ní ilé ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́. Tíṣà ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Bàbá Ìlá:
Ẹ sọ ọ́ dé òpin, Tíṣà. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún gbogbo Pírámárì ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbani síṣẹ́.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ìjọba fagi lé e, etí ọmọ ò fagi lé e.

Màmá Ìbejì:
Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Fárúùkù:
Ìgbà wo ni mo fẹ́ kọ́ ọ ní Yorùbá? Tó bá ti ilé ìwé dé, lẹ́sìn ló kàn, lẹ́yìn ìyẹn ilé kéwú títí wọ́n fi máa ki Màgáríbì. Ilé kéwú yẹn nìkan ni wọ́n ti ń yìn ín fún mi. Áfáà ní kò sí ojú ewé tí òun ṣí nínú Kùránì tí kò lè kà, àní ó máa ń tún ti bàbá rẹ̀ ṣe.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun:
Ẹ dúró ná! Ọmọ tí ẹ ní kò lè kàwé?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ìyá Fárúùkù, ẹ ì bá ti sọ eléyìí láti àárọ̀. Àbí ó há ti ibẹ̀ náà sórí ni? Ẹ ní kí Áfáà fi lẹ́tà kéwú kọ ohun tí kò sí nínú Kùránì.

Ìyá Fárúùkù:
Mo ti ibẹ̀ dé. Áfáà kọ orúkọ àdúgbò wa sórí wàláà. Fárúùkù fi ìka tọ̀ ọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Àdúgbò wa nìyí!" Owó Àlàrùbá lásán ni mò ń san níbẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Àwọn tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ńkọ́?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ó mọ bí wọ́n ṣe ń so ìró pọ̀. Wọn ò tíì fi ABD hàn án bí Áfáà ṣe fi tiẹ̀ hàn án ni. Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà 25, ìró lẹ́tà kì í yí padà. B àti a, ba. B àti ẹ, bẹ. Kó máa fi ìka tọ̀ ọ́ bó ṣe ń ṣe lórí wàláà. Bó bá ti gbọ́ ọ, ẹ bọ́ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kúkúrú bíi "fim" yẹn ná. Ẹ má fi "though" àti "cough" bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìlá:
Ẹ dá a padà sí Pírámárì 1, kí ẹ yéé fi ọmọ ṣe fáàrí.

Ìyá Fárúùkù:
Mi ò dá a padà, sà. Kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún wá rí ọ̀rọ̀ sọ? Áfáà ti gbà láti máa kọ́ ọ ní ABD lẹ́yìn kéwú, ó ní kí n rán jalabíà kan fún òun.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ rán an. Kó gùn dáadáa.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun:
Tíṣà lẹ́sìn onífóònù ńkọ́?

Ìyá Fárúùkù:
Mo ti ní kó máa lọ.

Màmá Ìbejì:
Ojú ńkọ́?

Ìyá Fárúùkù:
Ọjọ́ Ajé la máa lọ wò ó, Màmá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sinmi.