Ìpè 911 ní ẹnu ààlà kàǹtì méjì: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń gba ìpè pàjáwìrì ní ọ́fíìsì ṣẹ́rífù, ìyẹn ọlọ́pàá kàǹtì (kàǹtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀), ní Amẹ́ríkà. Lẹ́nu ààlà, òpó fóònù ló sábà máa ń pinnu kàǹtì tí ìpè alágbèéká máa já sí tẹ́lẹ̀, ó sì ṣì lè rí bẹ́ẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá tètè mọ ibi tí olùpè wà. Àdírẹ́sì tó kọ́kọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà lè jẹ́ ti òpó yẹn. Nígbà mìíràn, àfi kéèyàn tún béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 kí ibi tí olùpè wà gan-an tó hàn.

Tí olùpè bá ń sunkún, tí kò mọ orúkọ títì, ṣé ẹ máa ń dúró kí ẹ̀rọ fi ibi tó wà hàn ni, àbí ẹ ti ń so ó pọ̀ mọ́ kàǹtì kejì? Ta ló ń kúrò lórí ìlà kẹ́yìn? Ìpè tó bá já lágbedeméjì, tó sì jẹ́ fóònù tí kò ní síìmù, kò ṣeé pè padà.