“Ìgbèkùn” kò bá “ghurba” mu

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí “ìgbèkùn” dúró fún ohun tí àwọn akéwì Lárúbáwá òde òní ń pè ní manfa (kí wọ́n léni kúrò nílùú ẹni) àti ghurba (kéèyàn wà bí àjèjì), nítorí pé Bíbélì ti fi ìgbèkùn Bábílónì mọ́ wa létí. N kò fara mọ́ ọn.

Ẹni tó wà ní ìgbèkùn, ẹnìkan ló mú un, ẹnìkan ló sì ń ṣọ́ ọ. Ẹ wá wo Badr Shakir al-Sayyab, akéwì Iraq, ọmọ Jaykur lẹ́bàá Basra. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló lé e kúrò ní Iraq, tó fi gba Iran dé Kuwait ní 1953. Ibẹ̀ ló ti kéwì nípa àjèjì tó jókòó létí òkun. Àjèjì yìí gba iwájú ilé kọfí kọjá, ó gbọ́ Iraq nínú àwo orin tó ń yí. Kí ló wá dí i lọ́nà ilé? Owó ni! Ó ń ka kọ́bọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó ń béèrè bóyá ẹni tówó wọ́n fún lè padà. Ta ní ń ka owó ọkọ̀ ní ìgbèkùn?

Àwọn tó ní ká lo “àjò” sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ alájò ní ilé tó ń dúró dè é. Mahmoud Darwish, akéwì Palẹ́sítínì, ńkọ́? Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní al-Birwa lọ sí Lébánónì ní 1948. Nígbà tí wọ́n yọ́ wọlé padà, abúlé ti di àwókù, òfin Ísírẹ́lì sì kà wọ́n sí ẹni tó wà nílé tí kò sí nílé. Orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ti di àjèjì. Àjò wo nìyẹn?

Tèmi ni pé kí manfa jẹ́ “ìlékúrò”. Ó bá Ahmad Shawqi mu, akéwì Íjíbítì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé láti ìlú rẹ̀ lọ sí Sípéènì ní 1915. Kí ghurba jẹ́ “ìdàjèjì”. Gharib ni àjèjì, gbòǹgbò kan náà ló bí “màgáríbì” tí àwa Mùsùlùmí ń kí nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé “ìjẹ́-àjèjì” ló tọ́, ṣùgbọ́n a kò bí Darwish ní àjèjì, wọ́n sọ ọ́ dà á ni.

Hanin, ìyẹn kí ọkàn ẹni máa fà sílé, kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá. “Àárò ilé” ti tó o. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé Lárúbáwá tún ń lò ó fún igbe abo ràkúnmí tó ń wá ọmọ rẹ̀, n kò sì gbọ́ igbe nínú àárò. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ń ké, kó mú un wá.