Ìgbàyè ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìtóbi

Ẹ̀gbọ́n, mo rí àbá yín pé kí á máa pe volume (ìyẹn, àyè tí nǹkan gbà) ní ìtóbi, kí á sì pe ohun tí a fi ìrísí méjì tàbí mẹ́ta ṣe ní ìrísí àpapọ̀. Ẹ má bínú, mi ò lè fọwọ́ sí i.

Pápá bọ́ọ̀lù tóbi, orí ènìyàn náà ń tóbi. Kí wá ni à ń wọ̀n? Ṣùgbọ́n bí àga bá kún yàrá, a ó ní ó gbàyè. Òkúta pàápàá gbàyè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní inú tí a lè rọ omi sí. Ìgbàyè nìyẹn. Iye omi tí gàrawà gbà sínú, ọ̀tọ̀ ni.

Àpapọ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ, ìròpọ̀ nìkan ni yóò máa ṣe. Olóríkèé ni mo dábàá. Alápatà tó fẹ́ pín ẹran, oríkèé ló ń fi ọ̀bẹ wá. Ẹ wo kóńgò gàrí ní ọjà Akẹ̀sán, níbí ní Ọ̀yọ́. Ìyá ẹlẹ́gàrí á bù ú kún, á tún máa fọwọ́ kó o jọ títí yóò fi ṣe ṣóńṣó lórí. Ẹnu kóńgò ni oríkèé: ìsàlẹ̀ rí bí agolo, òkè rí bí òkòtó. Ká ní láti àárín kóńgò dé etí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7, kí gíga rẹ̀ jẹ́ 12, kí ṣóńṣó gàrí jẹ́ 6. Ìsàlẹ̀: 22/7 (iye tí a fi ń ṣírò ohun tó rí roboto) × 7 × 7 × 12, ó di 1,848. Òkòtó kì í gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta agolo tí ẹnu àti gíga wọn bá dọ́gba, nítorí náà òkè, 22/7 × 7 × 7 × 6 tí a pín sí mẹ́ta, jẹ́ 308. Gbogbo rẹ̀ 2,156.

Ẹ tún wò ó: 308 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà 1,848. Ẹni tó ra kóńgò olóríṣóńṣó mẹ́fà ti gba kóńgò kan tí a gbá ẹnu rẹ̀ dọ́gba ní èènì. Àwọn ìyá wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bá ẹlẹ́gàrí fà á.

Ibi tí olóríkèé ti ń kọsẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù, torí ihò kì í ṣe oríkèé. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án, 18 × 9 × 9, jẹ́ 1,458. Ihò méjì ló ní. Bí ihò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 6 × 6, tó jìn ní 8, a ó yọ 288 lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 576, yóò ku 882. Ìrísí oníhò ni kí á pe èyí, kí ọmọ ti gbọ́ ọ nínú orúkọ náà pé ìyọkúrò ló kàn.